Fèrèsé Tó Wà Láàárín Ilé

Ọkùnrin kan ló gbé ẹjọ́ náà dé. Ó ti rí pálọ̀ kan lórí ìkànnì ilé-iṣẹ́ wọn tó ń bá onílé ta ilé, pálọ̀ náà wù ú, ó bá mú ìyàwó rẹ̀ dání, wọ́n lọ wo ilé náà. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, ilé mìíràn ni wọ́n bá: pálọ̀ há bí àpótí, òrùlé ń jò, ajá aládùúgbò sì lé ìyàwó rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà mọ́tò. Ọkùnrin náà wọ ọ́fíìsì wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ní kò sí irọ́ tí àwọn agẹ́ńtì ilé ò tí ì pa fún òun rí, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń fi fọ́tò pa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣojú òun ni.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jókòó,” Kékeré sọ fún un. “Ẹ ṣe é lójú mi bí ẹ ṣe ṣe é nílé.”

Kékeré ló ń tọ́jú kóòdù, ìyẹn àwọn àṣẹ tó ń mú ìkànnì náà ṣiṣẹ́. Kò sí ohun tó kéré lára rẹ̀. Ó ga ju ọ̀gá lọ, ó sì ti pẹ́ níbi iṣẹ́ ju gbogbo wọn àfi ọ̀gá. Òun ni àbígbẹ̀yìn ìyá rẹ̀, orúkọ tí wọ́n fi ń pè é nílé ló tẹ̀ lé e dé ọ́fíìsì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó máa ń bá a lọ sílé ló gbọ́ ọ lẹ́nu Màmá, ló bá gbé e wá síbi iṣẹ́, láti ọjọ́ náà kò sẹ́ni tó rántí orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀ mọ́.

Ọkùnrin náà ṣí ilé kan lórí fóònù rẹ̀. Ó tẹ ọfà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò, èyí tó yẹ kó gbé e lọ sí ilé tó kàn. Nọ́ńbà tó wà ní ìdí àdírẹ́sì ìkànnì lókè yí padà. Pálọ̀ tó wà nísàlẹ̀ kò yí padà. Ó tún tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà tún yí, àga kan náà, kọ́tìnnì kan náà.

“Ẹ wò ó,” ó ní. “Òkè ń rìn, ìsàlẹ̀ jókòó.”

Kékeré ò tiẹ̀ wò ó tán kó tó mọ ohun tó ń ṣe é. Irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìwé tí èèyàn ń ṣí ní ojú kan dé òmíràn. Yàrá kan ṣoṣo ni. Ẹni tó bá wọlé kò tún jáde mọ́. Àga àti tábìlì ni wọ́n ń pààrọ̀ níwájú rẹ̀, tí òun á fi rò pé òun ti bọ́ sí yàrá mìíràn. Nọ́ńbà ìdí àdírẹ́sì yẹn ló ń sọ irú àga tí wọ́n máa gbé wá. Ojúewé gbọ́dọ̀ gbójú sókè, kó kà á, kó tó mọ ilé tó máa fi han èèyàn. Tiwọn yìí ń gbójú sókè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbà tó bá kọ́kọ́ ṣí nìkan ni. Lẹ́yìn ìyẹn, kí nọ́ńbà máa yí bó ṣe fẹ́, ohun tó kà lákọ̀ọ́kọ́ ló máa dì mú bí ọmọ tó di ìdí ìyá rẹ̀ mú. Ẹni tó kọ ọ́ ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ti bá ti ẹ̀ lọ.

“Iṣẹ́ kékeré ni,” Kékeré sọ fún ọ̀gá. “Kó tó di ọ̀sán, màá ti tún un ṣe.”

Onífọ́tò tó jókòó ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbórí sókè. “Fi ìyẹn sílẹ̀ ná jàre. Oníbàárà kan ṣoṣo ló ráhùn. Wá bá mi fi àmì ilé-iṣẹ́ sára àwọn fọ́tò tuntun wọ̀nyí.”

Ìgbà àkọ́kọ́ kọ́ nìyẹn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọfà yẹn kọ́kọ́ jẹ yọ, Onífọ́tò náà ló ní kò kánjú. Nígbà tó tún jẹ yọ, ó ní ká tiẹ̀ yọ ọfà náà kúrò pátápátá, pé ta ló ń tẹ ọfà láyé ìsinsìnyí. Kékeré rò pé iṣẹ́ ló ti pọ̀ jù fún un. Èèyàn kì í fura sí ẹni tó ń bu tíì fún un lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí Onífọ́tò jẹ́, nítorí láìsọ ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ò ní dun ẹnikẹ́ni. Òun ló ń lọ ya fọ́tò àwọn ilé tí wọ́n fẹ́ tà, òun ló ń kọ ọ̀rọ̀ dídùn sábẹ́ wọn, òun ló ń kó kọ́kọ́rọ́ wọn kọ́ sára ìṣó tó wà lára ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Kékeré ló bẹ ọ̀gá kó gbà á síṣẹ́. Nígbà tí onílé Onífọ́tò kó ẹrù rẹ̀ síta, ilé ìyá Kékeré ló sùn títí tó fi rí ibòmíràn, ìkòkò kan náà ni wọ́n ti jọ jẹun, Màmá sì ń pè é ní ọmọ mi. Ẹni tó bá rí àwọn méjèèjì lójú pópó á rò pé ọmọ ìyá ni wọ́n.

Kékeré fi ẹ̀rín dá a lóhùn, ó sì dojú kọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó kọ ọ́ fún ojúewé náà pé kó má fojú kúrò lókè mọ́: nígbàkígbà tí nọ́ńbà bá yí padà, kó tún un kà, kó sì lọ gbé ilé tó ni nọ́ńbà náà wá. Onífọ́tò dìde lọ po tíì. Kékeré ṣí ilé àkọ́kọ́ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ọfà láti dán an wò.

Ó ń ṣiṣẹ́. Ilé tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ọ̀run kọjá. Ilé tí balùwẹ̀ rẹ̀ tóbi ju yàrá lọ kọjá. Ilé kan tí ológbò sùn sórí àga nínú gbogbo fọ́tò kọjá. Kékeré ń rẹ́rìn-ín sínú, nítorí kò sí adùn tó dà bíi ká rí ohun tó ti yarọ kó dìde rìn. Ọfà náà ò mọ ilé tí wọ́n ti gbé síta yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n ṣì fi pamọ́; nọ́ńbà tó kàn ni tirẹ̀. Àwọn ilé kan wà tí wọn ò kọ sí iwájú ìkànnì, tó jẹ́ pé ẹni tí wọ́n bá fi àdírẹ́sì rẹ̀ ránṣẹ́ sí nìkan ló lè rí i. Ó tẹ ọfà lẹ́ẹ̀kan sí i, ojúewé náà gbójú sókè, ó kàwé, ó sì gbé pálọ̀ kan wá.

Wọ́n ti yọ kọ́tìnnì rẹ̀. Wọ́n ti kó àwọn àwòrán ara ògiri kúrò. Ká ní pálọ̀ nìkan ni, ì bá ti tẹ ọfà kọjá. Ṣùgbọ́n lára ògiri tó wà láàárín pálọ̀ àti ilé ìdáná, fèrèsé kan wà níbẹ̀, pẹ̀lú ilẹ̀kùn onígi méjì tó ṣí sí ọ̀tún àti sí òsì.

Fèrèsé bẹ́ẹ̀ ò sí níbòmíràn àfi ilé àwọn Kékeré. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ lu ògiri náà tó sì kan fèrèsé síbẹ̀, nígbà tí Kékeré ò tí ì gbọ́njú. Àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ìta ni àwọn ẹlòmíràn máa ń yọjú sí, bàbá yìí fẹ́ máa yọjú sí ìkòkò ọbẹ̀. Bàbá ní kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ, pé nínú ilé tòun, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ máa ṣe nǹkan lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ń dáná á máa rí ẹni tó jókòó, ẹni tó jókòó á sì máa rí ẹni tó ń dáná. Ojú fèrèsé yẹn ni Màmá ti ń na àwo oúnjẹ sí wọn. Ojú rẹ̀ náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i tó ń sunkún lọ́dún tí Bàbá kú.

Kékeré sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Ó ka ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ fọ́tò náà. Ó ní ilé tó dá dúró ni, àdúgbò rẹ̀ parọ́rọ́, omi rẹ̀ kì í dá. Ó ní fèrèsé kan wà láàárín pálọ̀ àti ilé ìdáná, tí ẹni tó bá ra ilé náà lè dí pa.

Ọwọ́ tó kọ ọ́ kò ṣàjèjì sí i. Òun gan-an ló kọ́ onítọ̀hún bí wọ́n ṣe ń kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Onífọ́tò dé pẹ̀lú ife tíì méjì.  Kékeré yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Onífọ́tò wò ó, ó rọra gbé ife méjèèjì sílẹ̀, sórí tábìlì ara rẹ̀.

“Kékeré, mo bẹ̀ ẹ́.”

“Ìdí tó o fi ní kí n má tún ọfà ṣe nìyí?”

“Wọ́n ní kí n má sọ fún ọ.”

“Àwọn wo ni ‘wọ́n’?”

Onífọ́tò ń fi àtàǹpàkò nu ẹnu ife. “Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀gbọ́n ẹ, ló wá mú mi lọ síbẹ̀,” ó sọ níkẹyìn. “Mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo búra.”

Kékeré gbójú kúrò lára rẹ̀, ojú rẹ̀ sì bọ́ sára ògiri, níbi tí kọ́kọ́rọ́ ilé onílé kọ́ sí. Láàárín wọn, ó rí ṣíbí kékeré kan tí wọ́n fi igi gbẹ́. Bàbá gbẹ́ igi sára kọ́kọ́rọ́ gbogbo wọn: ẹja ni ti Bọ̀ọ̀dá, ẹyẹ ni ti Kékeré, ṣíbí ni ti Màmá. Ṣíbí ló wà lára ìṣó yìí. Ṣé ẹ rí i, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò tiẹ̀ lo kọ́kọ́rọ́ ara rẹ̀. Ti ìyá rẹ̀ ló jí gbé. Bí ó ṣe rò ó nìyẹn, ó sì gbà á gbọ́ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Nítorí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Bọ̀ọ̀dá ti pè é ní ọjọ́ mélòó kan sẹ́yìn pé òun fẹ́ kun ilé Màmá, pé kí Màmá wá máa gbé lọ́dọ̀ òun títí ọ̀dà á fi gbẹ. Kékeré tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní Ọlọ́run á bù kún un. Ọpẹ́ yẹn ló wá ń ta á lẹ́nu báyìí bí ata. Àwọn àgbà ní ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Wọ́n gbàgbé láti sọ pé aṣeni inú ilé a tún máa gba ọpẹ́ lọ́wọ́ ẹni.

“Ẹni tí mo ní kó fẹ́ mi lójú,” ó sọ fún Onífọ́tò, “ata ló fi sẹ́nu.”

 Omi ti dé ojú Onífọ́tò, ṣùgbọ́n Kékeré ò ní sùúrù fún omijé ẹlòmíràn. Ó padà sínú kóòdù rẹ̀, ó sì fi ìlà kan kún un: bí nọ́ńbà tí ojúewé bá kà bá jẹ́ ti ilé yìí, kó má gbé nǹkan kan wá, kó kàn kọ ọ́ pé kò sí ilé níbí. Ó tẹ gbogbo rẹ̀ síta sórí ìkànnì, àtúnṣe ọfà àti ìlà náà papọ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi àdírẹ́sì náà ránṣẹ́ sí, kó wá a títí. Ó gbé àpò kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ́ èjìká, ó sọ fún ọ̀gá pé ọ̀rọ̀ ilé ló dé, ó sì jáde.

Ṣọ́ọ̀bù Bọ̀ọ̀dá ló kọ́kọ́ lọ. Fíríìjì ni Bọ̀ọ̀dá ń tún ṣe. Ó dùbúlẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló yọ síta, ó sì mọ ẹni tó dé nípa bàtà.

“Kékeré. Ṣé kò sí nǹkan?”

“Ẹ ti ń ta ilé Bàbá.”

Irin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dákẹ́. Ó wọ́ jáde díẹ̀díẹ̀, ó jókòó sílẹ̀, ó gbọ́n eruku kúrò lórí, kò wo ojú àbúrò rẹ̀.

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Ìyẹn lẹ fẹ́ mọ̀? Ẹ ò tiẹ̀ sọ pé ẹ ò tà á, ẹni tó sọ fún mi lẹ ń wá.” Kékeré sún mọ́ ọn. “Ẹ ní ọ̀dà lẹ fẹ́ kùn. Mo gbàdúrà fún yín lórí fóònù, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ ṣe àmín. Mo gbọ́ ọ létí mi.”

“Mo ṣe àmín lóòótọ́.”

“Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ Màmá, ẹ gbé e fún ọ̀rẹ́ mi. Ọ̀rẹ́ tèmi. Kò sí agẹ́ńtì mìíràn láyé?”

Bọ̀ọ̀dá fi aṣọ nu ọwọ́, ìka kan tẹ̀ lé òmíràn, títí tí kò fi sí ohun tó kù láti nù. Ọkùnrin tó lẹ́nu ni. Ó lè fi ẹnu ta fíríìjì tó ti kú. Lọ́jọ́ náà, ilẹ̀ ló ń wò.

“Lọ sílé,” ó ní. “Kì í ṣe èmi lo máa bi.”

 Kékeré ní láti ọjọ́ òní lọ, kó má pe òun ní àbúrò mọ́. Ó kúrò níbẹ̀ kí ẹkún tó já a gbà, nítorí kò fẹ́ kó rí i.

Nígbà tó dé ilé, oòrùn ti ń lọ. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ó ti rò pé ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá ni Màmá wà, pé òun máa bá ilé òfìfo, kí òun kàn wò ó, kí òun sì ti ilẹ̀kùn pa. Ṣùgbọ́n Màmá wà nínú pálọ̀, ó jókòó sórí àpótí kan, ó ń fi aṣọ àtijọ́ wé àwo, ó ń tò wọ́n sínú páálí. Kò sí ibi tí wọ́n kun ọ̀dà sí.

“Kékeré,” Màmá ní. “O ò sọ pé o ń bọ̀.”

“Ẹ kúùrọ̀lẹ́, mà.” Ó kúnlẹ̀, kò sì dìde, ó dì í mú lọ́wọ́ níbẹ̀. “Màmá, ẹ má bẹ̀rù. Bọ̀ọ̀dá ti gbé ilé yìí síta láti tà á. Ibi iṣẹ́ mi gan-an ló gbé e sí. Ṣùgbọ́n mo ti dí i. Ẹnikẹ́ni ò lè rí i mọ́.”

Màmá gbé àwo tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú páálí. “Ìwọ lo ṣe é?”

“Èmi ni.”

“Obìnrin kan pè mí lẹ́ẹ̀kan. Ó ní òun wo ibi tí wọ́n ní kí òun wò, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò sí ilé níbí.” Ẹ̀rín fẹ́ gbà á lẹ́nu, ó gbé e mì. “Mo ní, ìyá mi, inú rẹ̀ ni mo jókòó sí o.”

Kékeré ń wò ó.

“Ṣí i padà,” Màmá ní.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó jẹ́ pé etí á ti gbọ́ wọn tán kí ọkàn tó gbà. Kékeré wo àwọn páálí. Wọ́n dì wọ́n dáadáa, wọ́n fi okùn dì wọ́n, Màmá ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nǹkan sára wọn. Èyí kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí wọ́n ń fi tipá lé kúrò nílé.

“Màmá,” ó ní, “ẹ̀yin náà?”

“Èmi náà kọ́. Èmi ni.” Màmá ò yí ojú kúrò. “Ẹ̀gbọ́n rẹ ní ká sọ fún ọ, èmi ni mo ní kó má sọ. Ọ̀rẹ́ rẹ, èmi ni mo mú un búra. Kọ́kọ́rọ́ yẹn, èmi ni mo fi lé e lọ́wọ́. Má bá ẹnì kankan jà.”

“Kí ni mo ṣe fún yín?”

“O ò ṣe nǹkan kan. Ẹkún rẹ ni mò ń sá fún.” Ó mú àwo mìíràn, kò wé e. “O rántí ẹ̀rọ tí bàbá rẹ fi ń gé pákó? Ó fẹ́ tà á, o sunkún débi tí kò fi lè tà á. Ẹ̀yìnkùlé ló jókòó sí títí ó fi dípẹtà. Bí o bá sunkún níwájú mi, mi ò ní lè ta ilé yìí. Mo sì fẹ́ tà á, Kékeré. Ó ti sú mi. Mo máa ń dáná, màá yọjú lójú fèrèsé yìí, kò sí ẹnì kankan lódìkejì. Ojoojúmọ́.”

“Ọmọ kékeré ni mí nígbà ẹ̀rọ yẹn.”

“O kéré lóòótọ́.”

“Mi ò kéré mọ́, Màmá.”

“Mo mọ̀,” Màmá ní, ṣùgbọ́n Kékeré rí i lójú rẹ̀ pé kò mọ̀. Màmá ti ka ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan bí ojúewé ṣe ń ka nọ́ńbà, lọ́jọ́ tí ọmọ náà ń yí nílẹ̀ nítorí ẹ̀rọ pákó, láti ìgbà náà kò gbójú sókè kà á mọ́. Gbogbo ọdún tó ti kọjá, gbogbo ohun tó ti yí padà lára rẹ̀, ọmọ tó ń sunkún yẹn ni wọ́n ṣì ń fi hàn nísàlẹ̀. Ti ìkànnì, òun ti rí i tún ṣe.

“Ẹ ì bá bi mí. Bóyá màá ní kí ẹ tà á.”

“Ṣé wàá ní bẹ́ẹ̀?”

Kékeré wá ìdáhùn nínú ara rẹ̀. Kò mọ̀. Ohun tó dùn ún ju gbogbo rẹ̀ lọ nìyẹn: kò mọ̀, kò sì ní mọ̀ láéláé, nítorí wọ́n ti dáhùn fún un. Gbogbo wọn ti jókòó, ìyá, ẹ̀gbọ́n àti ọ̀rẹ́, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ ilé bàbá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni ń sọ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn àlejò. Ó wá fẹ́ rí olè kan tó lè bú, kò rí i. Ká ní inú ń bí i ni, ì bá tiẹ̀ rọrùn.

Ó gbé kọ̀ǹpútà jáde. Kò sí tábìlì mọ́, ó bá gbé e lé ojú fèrèsé, sórí pákó tí Bàbá fi ìfági fá títí tó fi ń dán. Ó wá ìlà tó kọ, ó pa á rẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ síta. Kò sunkún. Ó rí i pé Màmá ń wo ojú rẹ̀ bóyá ó máa sunkún, ó sì pinnu pé òun ò ní fún un.

“Jẹ́ kí n rí i,” Màmá ní, ó sún mọ́ ọn. Kékeré tẹ nọ́ńbà ilé náà sí ìdí àdírẹ́sì. Pálọ̀ náà jáde. Màmá wò ó pẹ́. Ó ní àṣé ó fẹ̀ tó báyìí. “Kí ni wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀? Mi ò mú awò ojú mi.”

Kékeré kà á fún un, láti orí ilé tó dá dúró, dé orí omi, dé orí fèrèsé tí ẹni tó bá ra ilé náà lè dí pa. Ó rò pé ọ̀rọ̀ yẹn á gún un. Ó tiẹ̀ fẹ́ kó gún un.

“Wọ́n lè dí i lóòótọ́,” Màmá ní. “Èéfín máa ń pọ̀ jù ní pálọ̀.”

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí Kékeré dìde láti lọ. Màmá bi í bóyá ó ti jẹun, ó ní ebi ò pa òun. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kí Màmá tó tún pè é.

“Ọ̀rẹ́ rẹ ní kọ́kọ́rọ́ kan ò tó, pé àwọn tó fẹ́ wò ó pọ̀. Nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ náà lò ń lọ, bá mi mú tìẹ fún un.”

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Onífọ́tò ti dé ṣáájú rẹ̀. Ife tíì wà lórí tábìlì Kékeré, ó ń rú èéfín. Kékeré ò fọwọ́ kàn án. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ náà lára àwọn yòókù, ó rìn kọjá lẹ́yìn àga ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì fi í kọ́ sára ìṣó kan náà. Ẹyẹ àti ṣíbí kan ara wọn lára ògiri.

“Kékeré, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n ṣàlàyé.”

“Kọ́kọ́rọ́ kejì nìyẹn,” Kékeré ní. “Ẹni tó ni ilé ló ní kí n mú un wá.”

Ọ̀gá dé pẹ̀lú ayọ̀, ó ní òun fẹ́ fojú ara òun rí ọfà tó ń rìn. Ó dúró lẹ́yìn Kékeré, ó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ilé aláwọ̀ ọ̀run kọjá. Ilé ológbò kọjá. Ọ̀gá ń yìn ín, ó ní ó ṣeun, ó ní nọ́ńbà yí, ilé náà yí, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ó tún tẹ ọfà, ó sì dúró.

“Ẹ wo eléyìí. Ta ló ṣí fèrèsé sáàárín ilé?” Ó tẹ̀ síwájú kó lè rí i dáadáa. “Kí ni wọ́n ń fi ṣe?”

Ní tábìlì kejì, Onífọ́tò ti dorí kodò.

“Kò wúlò fún nǹkan kan mọ́, sà,” Kékeré ní, ó sì tẹ ọfà sí ilé tó kàn.